Ẹni Tó Ra Ọkọ̀ Bàbá Ajíbóyè

Ẹsẹ̀ méjì ni Mujeeb kọ́kọ́ rí. Ẹsẹ̀ obìnrin ni, ó mọ́ tónítóní, wọ́n kun èékánná ẹ̀ ní pupa, ó yọ jáde lábẹ́ ọkọ̀ kékeré kan tó tún pupa ju èékánná ọ̀hún lọ. Orin ń ti abẹ́ ọkọ̀ náà bọ̀:

Arúgbó ọkọ̀, jí o,
Ilẹ̀ ti mọ́ ní Agric.
Ẹni tí yóò gbé ọ sáré
Ó lè dé kó tó di ọ̀sán.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ wo ọkùnrin tó ti Ẹ̀pẹ́ wá ra ọkọ̀, tó dúró gbagidi bí òpó iná, tó ń wo ẹsẹ̀!

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ó wí.

"Ẹ ṣeun. Ẹ sún díẹ̀, ẹ ti dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ mi," ohùn náà dáhùn. "Ọkọ̀ lẹ wá wò ni, àbí ẹsẹ̀?"

Mujeeb ò mọ ìgbà tó sọ pé, "Méjèèjì ni."

Ọmọbìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó wọ́ ara ẹ̀ jáde. Ọ́ìlì wà nímú ẹ̀. Ẹwàolúwa lorúkọ ẹ̀, òun nìkan ni Bàbá Ajíbóyè bí. Ará Ìkirè ni bàbá náà, láti ìgbà ọ̀dọ́ ló ti wá háyà ilé ní Ìkòròdú, ó sì ń tún ọkọ̀ ṣe ní Agric títí àìsàn ọkàn fi ní kó jókòó. Òyìnbó tó bá ṣiṣẹ́ rí ló fi ọkọ̀ pupa yẹn sílẹ̀ fún un nígbà tó ń padà sílùú ẹ̀. Spọ́ọ̀tì kà ni, ọkọ̀ eré ayé àtijọ́, ilẹ̀kùn méjì, ìjókòó méjì, ó lẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ọ̀nì tó ń yá oòrùn.

Mujeeb ní tiẹ̀, ẹja ló ń kó láti Ẹ̀pẹ́ lọ fún àwọn ilé oúnjẹ. Kò mutí, kò ṣe fújà. Ìfẹ́ ọkàn ẹ̀ kan ṣoṣo ni kó ní irú ọkọ̀ yìí, kó máa wà á jáde lọ́jọ́ ìsinmi, kó sì máa gbé e lọ sí pápá eré ọkọ̀ tí ọlọ́rọ̀ kan da ọ̀dà sí lórí ilẹ̀ ẹ̀ lọ́nà Ẹ̀pẹ́, níbi tí kò sí kòtò, tí ewúrẹ́ kì í sọdá. Ó ti wo oríṣiríṣi. Ó kù díẹ̀ kó ra ọ̀kan tó ń dán bí dígí.

"Èyí tó ń dán yẹn, ṣé ẹ fi òòfà wò ó?" Ẹwàolúwa bi í.

"Òòfà kẹ̀?"

Ó na òòfà kékeré kan sí i. "Ẹ fi wo tiwa. Ibi tí kò bá ti lẹ̀, ìpẹtà ti jẹ irin ibẹ̀, pọ́tì, àmọ̀ àwọn tó ń kun ọkọ̀, ni wọ́n fi dí i. Ẹ má wo ọ̀dà. Ọ̀dà kì í sọ òtítọ́."

Mujeeb yí ọkọ̀ náà ká, láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó tún kúnlẹ̀ wo abẹ́. Gbogbo ibi ni òòfà lẹ̀ mọ́ pẹ́kípẹ́kí.

Bàbá Ajíbóyè ń wò wọ́n látorí àga lábẹ́ igi. "Ọmọ mi, kí lo fẹ́ fi ọkọ̀ yìí ṣe?"

"Mo fẹ́ máa wà á ni, sà. Mo fẹ́ máa fi sáré."

"Àwọn tó ṣáájú ẹ, fọ́tò ni wọ́n fẹ́ máa bá a yà." Bàbá rẹ́rìn-ín. "Gbọ́. Mi ò kọ́lé, mi ò ra ilẹ̀. Ṣùgbọ́n tó o bá béèrè mi ní Agric yìí, wọ́n á ní Ajíbóyè kì í ta ìdọ̀tí féèyàn. Orúkọ yẹn nìkan ni mo máa fi sílẹ̀ fún ọmọ mi. Bí ọkọ̀ yìí bá ṣe ẹ́ báṣubàṣu, padà wá bá mi. Má lọ máa sọ ọ́ níta."

"Mo gbọ́, sà," Mujeeb wí. Ó dọ̀bálẹ̀. Ọjọ́ náà ló sọ ọkọ̀ di tiẹ̀.

Àfi bó ṣe di pé kò lè wà á! Ọkọ̀ tó ń yí jíà fúnra ẹ̀ ló ti ń wà látọjọ́ tó ti dáyé. Ẹwàolúwa ló wá ń kọ́ ọ lójú ọ̀nà Ìmọ́tà, láàárín àwọn tírélà tó ń kó ìrẹsì.

"Bọ̀dá Ẹlẹ́ja, jíà nìyẹn o, kì í ṣe ọ̀bẹ. Ẹ rọra fi sí i."

"Tíṣà, ẹ má nà mí."

"Ẹ tẹ kúlọ́ọ̀ṣì! Yéè! Ọkọ̀ bàbá mi!"

"Ọkọ̀ tèmi."

"Tẹ́ ẹ bá tẹ kúlọ́ọ̀ṣì tán, á di tiyín."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá ara wọn fà á títí ẹ̀yin fi di ìwọ, tí Bọ̀dá Ẹlẹ́ja fi di Àdùkẹ́ Ọkùnrin. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, bí ìfẹ́ ṣe ń ṣe nìyẹn! Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Mujeeb pa ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ oko kan.

"Ẹwà mi, ìjókòó méjì ló wà nínú ọkọ̀ yìí. Mi ò fẹ́ kí ẹlòmíì jókòó síbẹ̀ yẹn láé."

Ọmọbìnrin náà wo ọwọ́ ara ẹ̀. "Màmá ẹ ńkọ́?"

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Alhaja Mùlíkátù lorúkọ ìyá ẹ̀, ọ̀gá eléja ní Ẹ̀pẹ́ ni. Jàǹbá ọkọ̀ ló pa ọkọ ẹ̀ lójú títì. Láti ọjọ́ náà, bí táyà bá ti han lójú pópó, ọwọ́ Alhaja á lọ sí àyà.

"Títì gba bàbá ẹ lọ́wọ́ mi," ó wí fún ọmọ ẹ̀. "Ìwọ wá lọ ra èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún eré! O tún fẹ́ fi ọmọ onígbàgbọ́ lé e lórí! Mùjíbù, kí ni mo ṣe fún ẹ?"

"Màámi, ẹ rí i ná."

Ó rí i. Ẹwàolúwa ò bá a jiyàn. Ó ń wá, ó ń jókòó tì í, ó ń bá a ha ìpẹ́ ẹja, ó ń fi ìdọ̀tí ọ́ìlì tó wà léèékánná ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ara ẹ̀. Bí Alhaja bá ṣe àdúà, ó ń ṣe àmín. Ọkàn ìyá rọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹja gbígbẹ tí wọ́n rẹ sómi.

Nígbà tí eré àkọ́kọ́ Mujeeb wá kù sí dẹ̀dẹ̀, Alhaja ní wọn ò ní gbé ọkọ̀ jáde láìfi àdúà wẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé wọn nìyẹn. Bí wọ́n ti kírun Jímọ̀ tán, àwọn àáfà dé, wọ́n ṣàdúà yí ọkọ̀ ká, wọ́n pín àkàrà sàráà. Ẹwàolúwa ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí wọ́n lè ríran wo inú ẹ̀.

Alhaja súnmọ́ ọn. "Ìyàwó mi."

Ẹ̀yin èèyàn! Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa pè é bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Omi lé sójú ọmọbìnrin náà.

"Ìyàwó mi, ibo ló ti ń mu ohun tó ń mu?"

"Bẹntiróòlù ń gba ẹ̀yìn wọlé, Màámi. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ìdérí yìí la máa ń ṣí." Ó fi hàn án, ó bá sáré lọ bá wọn pín àkàrà, inú ẹ̀ ń dùn yùngbà.

Alhaja mú kẹ́tùlù kan jáde lábẹ́ ìborùn. Omi wàláà ni. Àáfà ti fi tàdáà, yíǹkì dúdú ẹ̀, kọ ẹsẹ Kùráánì sára pátákó, ó fọ̀ ọ́ sínú omi, ó fi oyin sí i. Láti kékeré ni Mujeeb ti ń mu ún, ó ti mu tiẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìyá wá rò ó pé, ẹni tó máa sáré ti mu ìṣọ́, ohun tó máa gbé e sáré náà gbọ́dọ̀ mu. Ó ṣí ìdérí, ó ní Bísímílà, ó da gbogbo ẹ̀ sínú ẹ́ńjìnnì, ó dé e padà. Kò sí ìkà kankan níbẹ̀. Ìfẹ́ pọ́ńbélé ni.

Ìyá ń wá ààbò fọ́mọ,
Ó bu ìfẹ́ sínú irin;
Irin ò gbédè àdúà,
Irin ò mọ̀ pé ìyá ni.

Lọ́jọ́ kejì, ní pápá, Mujeeb dé akoto, ó ju ọwọ́ sí Ẹwàolúwa, ó gbéra. Ọkọ̀ pupa kọrin lọ! Àwọn tó ń fi ọkọ̀ wọn ṣe fáàrí tẹ́lẹ̀ dìde dúró. Kò pẹ́, orin yí padà. Kọ́ń, kọ́ń, kọ́ń, bí ẹni ń fi òòlù lu agbada. Èéfín sọ. Ọkọ̀ kú sáàárín títì.

Dáúdà, mẹkáníìkì ibẹ̀, fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wo ọ́ìlì yọ. Ọ́ìlì ti funfun bí ẹ̀kọ mímu.

"Omi ti wọnú ọ́ìlì," Dáúdà wí. "Ẹ́ńjìnnì yìí ti là látinú. Ẹni tó tà á fún ẹ mọ̀, ó kàn dí i pa ni. Bọ̀dá, wọ́n ti lù ẹ́ ní jìbìtì."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn wọ Mujeeb lára bí eegun ẹja.

Ẹwàolúwa fi ìka kan ọ́ìlì náà, ó gbé e sí imú. Oyin ló gbóòórùn. Ó gbójú sókè. Alhaja jókòó lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń fa tẹ̀sùbáà, ó ń dúpẹ́ pé ọmọ òun jáde láìfarapa. Ọmọbìnrin náà rántí ìdérí tó fi hàn án, ohun gbogbo sì yé e.

"Ẹwà, sọ̀rọ̀," Mujeeb wí. "Ṣé bàbá ẹ mọ̀?"

"Bàbá mi ò ta ọkọ̀ tó là fún ẹ."

"Ta ló wá bu omi sí i?"

Ó dákẹ́. Báwo ni yóò ṣe sọ ọ́, níwájú èrò, fún ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pe òun ní ìyàwó? Mujeeb ka ìdákẹ́ náà sí ẹ̀bi.

Kò padà lọ bá Bàbá Ajíbóyè bí wọ́n ti jọ sọ ọ́. Ṣọ́ọ̀bù àwọn ẹlẹgbẹ́ bàbá náà ní Agric ló kọ́kọ́ ń yà kiri. Ó dé ọ̀dọ̀ oníbátìrì, ó dé ọ̀dọ̀ páńẹ́lì-bítà, ó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lẹ táyà. "Ajíbóyè ta òkú ẹ́ńjìnnì fún mi! Oníjìbìtì ni! Ẹ ṣọ́ra fún un!"

Nílé, Ẹwàolúwa kó ohun gbogbo sọ fún bàbá ẹ̀. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n lọ là á yé e."

"Jókòó," bàbá wí. "Ọkùnrin ti kú mọ́ obìnrin yẹn lọ́wọ́ rí. Tó o bá sọ fún ọmọ ẹ̀ pé ìyá ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á, kí ló kù fún un láyé? Mi ò ní fi ìtìjú ìyá oníyàá fọ orúkọ mi."

Àwọn tó máa ń wá béèrè ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ bàbá ò wá mọ́. Wọ́n ń gba ibòmíì kọjá. Bàbá ṣáà ń jókòó lábẹ́ igi, ó múra, ó ń retí ẹni tí yóò kí i. Kí òjò ọdún náà tó dáwọ́ dúró, ọkàn ẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀ lórí àga yẹn. Ìkirè ni wọ́n sin ín sí. Mujeeb gbọ́, kò lọ.

Nígbà tí Alhaja gbọ́, ó ń wọ bàtà. "Dìde, ká lọ kí ìyàwó mi."

"Màámi, mi ò lọ. Bàbá ẹ̀ ló ta ọkọ̀ tí omi ti wọnú ọ́ìlì ẹ̀ fún mi. Ẹ ò rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí ni?"

Alhaja dúró. "Omi? Wọ́n ní ẹ́ńjìnnì ló nọ́ọ̀kì."

"Omi ló jẹ́ kó nọ́ọ̀kì, Màámi. Omi díẹ̀ báyìí ti tó."

Ìyá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bàtà kan ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. "Mùjíbù, èmi ni. Omi wàláà ni. Èmi ni mo dà á sí i."

Mujeeb bá Ẹwàolúwa níbi tó ti ń palẹ̀ irinṣẹ́ bàbá ẹ̀ mọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ọmọbìnrin náà ò ní kó dìde.

"O mọ̀?" Mujeeb bi í.

"Mo mọ̀."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Bàbá mi ní kí n má sọ. Ó ní a ò gbọdọ̀ tàbùkù ìyá ẹ lójú ẹ." Ó ju sípánà kan sínú àpótí. "O ò tilẹ̀ wá bi í, Mujeeb. Ọ̀rọ̀ kan péré ló sọ fún ẹ: padà wá bá mi."

"Dárí jì mí."

"Kì í ṣe èmi lo parọ́ mọ́. Ibi tó o ti pariwo ẹ̀, ibẹ̀ ni kó o lọ."

Ó dìde, ó lọ. Ó dé ọ̀dọ̀ oníbátìrì, ó dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ tí ásíìdì ti jẹ. "Mo parọ́ mọ́ Bàbá Ajíbóyè. Ọkọ̀ tí wọ́n tà fún mi, gidi ni."

Oníbátìrì ò wojú ẹ̀. "Ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ ti sùn ní Ìkirè."

Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí Alhaja, ó ń tẹ̀ lé ọmọ ẹ̀ lẹ́yìn, ìborùn ti bọ́ sí èjìká. Kò sẹ́ni tó pè é. Bí Mujeeb bá ti sọ tiẹ̀ tán, á gba ọ̀rọ̀: "Èmi ni mo da omi sí i. Èmi Mùlíkátù, eléja, láti Ẹ̀pẹ́. Mo pe ara mi ní ọlọ́gbọ́n."

Àwọn kan ṣe hàà. Àwọn kan fi ṣe ẹlẹ́yà, wọ́n ní ṣé Alhaja ò ní fún jẹnẹrétọ̀ àwọn náà mu. Alhaja kọjá sí ṣọ́ọ̀bù tó kàn.

Ẹwàolúwa sáré bá a, ó dì í lọ́wọ́ mú. "Ó tó, Màámi."

"Kò tíì tó. Jẹ́ n sọ ọ́ dé òpin."

Ẹwàolúwa ò fà á sẹ́yìn mọ́. Ó di ọwọ́ náà mú, wọ́n jọ rìn ín. Nígbà tí ṣọ́ọ̀bù tán, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró lẹ́bàá títì, eruku bò wọ́n.

"Ṣé o ṣì lè fẹ́ mi?" Mujeeb bi í jẹ́jẹ́.

"Mo ń fẹ́ ọ. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí." Ó nu ojú. "Lọ sí Ìkirè, kó o tọrọ mi lọ́wọ́ àwọn àbúrò bàbá mi. Sọ ohun tó o ṣe fún wọn, má dín in kù. Wọ́n máa lé ọ. Tí wọ́n bá lé ọ, jókòó."

Mujeeb lọ. Wọ́n lé e lóòótọ́, wọ́n bú u, ẹnì kan tilẹ̀ bu omi ìfọṣọ sí i lára. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn, oòrùn kúrò lórí ẹ̀, ó tún padà sí i. Nígbà tí àwọn àgbà ní kí wọ́n gbé oúnjẹ fún àlejò, Ẹwàolúwa, tó ti ṣáájú ẹ̀ dé Ìkirè, ló gbé e jáde. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì padà sínú ilé. Ó jókòó tì í nílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n jọ bu òkèlè.