Òpópónà Tí Nimat Kò Wádìí

"Òpópónà Sànní nìkan ló kù," ni Nimat wí.

Yàrá kọ̀ǹpútà ilé-ìwé wọn ní Ìkòsì ni òun àti Gafar, ọmọ kíláàsì rẹ̀, jókòó sí. Máàpù orí fóònù ni wọ́n ń ṣe fún ìdíje. Ẹni tó bá tẹ òpópónà kan lórí rẹ̀ yóò rí bóyá iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ti gbà kí àwọn ará ibẹ̀ rí àkọsílẹ̀ iná wọn, àti iye wákàtí tí iná fi ń wà níbẹ̀ lójúmọ́.

"Iléeṣẹ́ iná ò tíì fún wa ní àkọsílẹ̀ ti Sànní. Ká kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Wọ́n á yọ máàkì wa o," ni Gafar dáhùn. "Kọ ogún wákàtí, jàre. Ta ló máa lọ yẹ̀ ẹ́ wò?"

Ọkàn Nimat kò balẹ̀, ṣùgbọ́n ipò kìíní ń wù ú. Ó kọ ogún.

Lọ́jọ́ kejì, Gafar fi máàpù náà ránṣẹ́ sórí Wọ́sáàpù àdúgbò rẹ̀, Òpópónà Ìdòwú. Wọn ò rí iná níbẹ̀ fún oṣù kan gbáko, bẹ́ẹ̀ tiransifọ́má kan náà ni àwọn àti Sànní ń lò. Inú bí wọn burúkú. "Charles ló ń darí iná wa sí Sànní!" ni ẹnì kan kọ. Oníṣẹ́ iná ni Charles, Sànní ló sì ń gbé.

Kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, wọ́n ti wọ́ Charles dé iwájú tiransifọ́má. Nimat gbọ́ ariwo, ó sáré lọ síbẹ̀. Mùtíù, wẹ́dà tó ń jó irin ní Òpópónà Ìdòwú, gbé irin sókè. Charles fi ọwọ́ ọ̀tún bo orí. Irin balẹ̀ lórí ọwọ́ náà, egungun sì dún kà.

"Ẹ gbà mí o!"

Wọ́n tún fi pátákó gbá a lẹ́yìn. Ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ Sànní ya dé pẹ̀lú òkúta àti ìgò. Ìgò kan fọ́ mọ́ iwájú orí Gafar níbi tó ti ń ya fídíò, Gafar sì ṣubú lulẹ̀ gbì.

Nimat ju ara rẹ̀ lé Charles lórí. "Ẹ dúró! Irọ́ ni! Èmi ni mo kọ ogún wákàtí yẹn!"

Irin ṣì wà lókè lọ́wọ́ Mùtíù. "Kí lo wí?"

"Mo kàn kọ ọ́ ni, ẹ̀gbọ́n. A ò rí àkọsílẹ̀ kankan."

Irin bọ́ lọ́wọ́ Mùtíù.

Ọlọ́pàá dé, wọ́n gbé Mùtíù lọ. Dókítà rán iwájú orí Gafar ní ojú abẹ́rẹ́ mọ́kànlá, ilé-ìwé sì yọ àwọn méjèèjì kúrò nínú ìdíje. Lọ́jọ́ kẹta, Nimat kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Charles ní ọsibítù.

"Uncle, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí."

Charles gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tí wọ́n dì sókè. "Mo ti foríjì ọ́. Ṣùgbọ́n dókítà ní ìka mẹ́ta ò ní lè di nǹkan mú mọ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ máa gun òpó iná?"

Ibẹ̀ ló ti yé Nimat pé èèyàn ẹlẹ́ran ara ló ń gbé ní òpópónà tí òun kọ nọ́ńbà sí, àti pé kíkọ ohun tí èèyàn kò wádìí sílẹ̀ bí òótọ́ lè ba ayé ẹni tí kò ṣẹ̀ jẹ́.