Ìpara Tó Wọnú Epo Rọ̀bì

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó ń fọ abọ́, kó gbé e kalẹ̀ ná. Ẹni tó ń tẹ fóònù, kó dà á dojú bolẹ̀. Ìtàn ìfẹ́ ni mo gbé dé, àmọ́ ẹ má tíì máa rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ẹsẹ̀ méjì ni obìnrin kan kọ́kọ́ rí. Ó wọ lábù, yàrá tí wọ́n ti ń yẹ epo wò, láàárọ̀, ó bá ẹsẹ̀ méjì tó yọ síta lábẹ́ ẹ̀rọ tuntun, ìbọ̀sẹ̀ kan dúdú, èkejì búlúù. Ó béèrè pé ta ló ni ẹsẹ̀. Ohùn kan dáhùn lábẹ́ ẹ̀rọ pé ẹni tó ni ín ń bọ̀, àmọ́ kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n bá òun na sípánà yẹn. Nígbà tí ọkùnrin abẹ́ ẹ̀rọ náà máa fi yọrí, gíríìsì ti kun gbogbo imú ẹ̀. Obìnrin náà ò sọ fún un. Ó jẹ́ kó gbé imú yẹn lọ kí ọ̀gá.

Ẹlẹ́po ni wọ́n ń pe obìnrin náà níléeṣẹ́ ìfọpo yẹn, torí òun ló ń yẹ epo rọ̀bì wò kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á. Ọkùnrin náà ni wọ́n wá sọ ní Oníwọ̀n. Àwọn tó ń ta ẹ̀rọ ló rán an wá. Ẹ̀rọ ọ̀hún máa ń wọn àwọn èròjà tín-ín-tìn-tín inú epo, á sì sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Tí ẹ̀rọ àtijọ́ bá rí ìbejì, ẹnì kan ló máa pè wọ́n. Tuntun yìí á pe ẹ̀gbọ́n, á pe àbúrò, á tún sọ èyí tó jẹun yó jù.

Ọ̀gá ní kí Ẹlẹ́po dán an wò, kó sọ bóyá kí wọ́n rà á. Tí wọ́n bá rà á, Oníwọ̀n á dúró síbí, á máa tọ́jú ẹ̀. Tí wọn ò bá rà á, òkè òkun ni wọ́n tún máa rán Oníwọ̀n lọ.

Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń lọ. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń jẹun, wọ́n jọ ń bú ẹ̀rọ. Oògùn tí Ẹlẹ́po fi ń ṣan ìgò ti jẹ ọwọ́ ẹ̀ tòun ti ìbọ̀wọ́, ọwọ́ náà ti gbẹ, ó ti ń là. Oníwọ̀n wò ó lọ́jọ́ kan.

"Ẹlẹ́po, tí mo bá fi òrùka sọ́wọ́ yìí báyìí, òrùka ni ọwọ́ yìí máa ha."

"Ta ló sọ fún ẹ pé mo ń wá òrùka?"

"Ṣé mo ní ò ń wá a ni? Gba ìpara."

Àràárọ̀ ló ń fi ìpara yẹn pa ọwọ́ kó tó wọ ìbọ̀wọ́. Ọwọ́ dán, ojú náà dán, àwọn méjèèjì ní àwọn máa fẹ́ra. Ìyá ẹ̀, tó ti ń fi ọ̀rọ̀ ọkọ dà á láàmú tipẹ́, bá wọn lọ wo yàrá méjì tí wọ́n fẹ́ gbà. Ó wọn fèrèsé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán kọ́tíìnì.

Ẹ̀rọ wá rí nǹkan. Ó rí ásíìdì nínú epo kan, irú èyí tó ń jẹ páìpù, tí ẹ̀rọ àtijọ́ ò rí rí. Inú ọ̀gá dùn. Ó ní lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn á bọwọ́ lùwé ra ẹ̀rọ, àwọn á sì dá epo yẹn padà fún àwọn tó ni ín. Oníwọ̀n gbé Ẹlẹ́po, ó ń gbé e yí po nínú lábù.

Àmọ́ nǹkan kan ń jẹ Ẹlẹ́po lọ́kàn. Inú ìgò tó bá fọwọ́ ara ẹ̀ tọ́jú nìkan ni ásíìdì ń wà. Èyí tí ẹlòmíì bá tọ́jú, kò sí. Ó bu oògùn ìṣan-ìgò sínú ìgò òfìfo, kò kán epo kankan sí i, ó fi ọwọ́ oníìpara mú un, ó gbé e fún ẹ̀rọ. Ásíìdì yọ gọnbu. Ó fọwọ́ mọ́ tónítóní, ó tún un ṣe. Ásíìdì pòórá.

Ásíìdì inú ìpara tí olólùfẹ́ ẹ̀ rà fún un ló ń gba ara ìbọ̀wọ́ wọnú ìgò.

Ó kọ́kọ́ lọ sọ fún Oníwọ̀n. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́.

"Olólùfẹ́ mi, wọ́n á bọwọ́ lùwé lọ́jọ́ Ẹtì. Ṣé o ò lè wá rí i ní Mọ́ńdè ni?"

"Wọ́n fẹ́ dá epo àwọn èèyàn padà torí ásíìdì tí ò sí."

"Èmi ńkọ́? Ṣé kí wọ́n dá èmi padà ni?"



Lọ́jọ́ Ẹtì, ó dúró níwájú àwọn ọ̀gá, ó rò ó látorí ìpara dórí ìgò òfìfo. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan tiẹ̀ béèrè orúkọ ìpara, pé ìyàwó òun á fẹ́ ẹ. Ọ̀gá àgbà ní tiẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó ń kùn sínú pé ojú ẹ̀rọ tó lè rí ìpara yìí mà mú o. Wọn ò bọwọ́ lùwé. Ìtìjú mú àwọn tó ni ẹ̀rọ, wọ́n ní kí Oníwọ̀n máa bọ̀ kíá.

Ìyá Ẹlẹ́po ò bá a wí. Ó kàn yọ abẹ́rẹ́ kúrò lára kọ́tíìnì, ó ká a jọ.

Ẹlẹ́po bá Oníwọ̀n níbi tó ti ń di irinṣẹ́. Ó ti múra ìjà, kò rí ìjà.

"Pé o sọ ọ́ kọ́ ló dùn mí," ni Oníwọ̀n wí. "Pé mo ní kó o má sọ ọ́ ni. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti wojú ẹ ni màá máa rántí."

"Ṣáà máa wò ó. Mi ò ní mójú kúrò."

Oníwọ̀n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní tóun bá ríṣẹ́ kankan síbí, kódà kó jẹ́ ìgò fífọ̀, òun ń padà bọ̀ wá fẹ́ ẹ. Ẹlẹ́po ní òun á dúró. Wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú títí mọ́tò fi fọn fèrè.

Lọ́sẹ̀ kejì, iléeṣẹ́ ra ẹ̀rọ náà, Ẹlẹ́po ni wọ́n sì fi sípò tí ì bá jẹ́ ti Oníwọ̀n.