Ibi Tí Àwọn Ìlà Lamis Ti Pàdé

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. N ò bu iyọ̀ sí i, n ò bu ata sí i. Àwa tí a jọ fi ogójì ọjọ́ sùn lórí símẹ́ńtì níwájú iléeṣẹ́ ìjọba nítorí iṣẹ́ mọ Jouda dáadáa. Kì í purọ́. Ìyá rẹ̀ náà kì í ṣe ẹni tí ojú rẹ̀ ń rí ohun tí kò sí.

Iṣẹ́ yíyàwòrán ni Jouda kọ́ ní yunifásítì. Ọdún mẹ́fà ló fi wáṣẹ́ lẹ́yìn náà. Lọ́dún kẹfà yẹn, wọ́n lẹ orúkọ àwọn tó yege ìdánwò olùkọ́ yíyàwòrán mọ́ ara ògiri ní ìlú Sousse. Orúkọ tirẹ̀ ló ṣíwájú. Ó fọwọ́ kàn án. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì máa fi mọ́, wọ́n ti já ìwé náà. Lórí èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, Lamis, ọmọ aládùúgbò wọn, ló ṣíwájú, Jouda ṣìkejì. Lamis tí kò ya nǹkan kan rí láyé rẹ̀. Iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ló kọ́. Ṣùgbọ́n àbúrò ìyá rẹ̀ jókòó síbi tí wọ́n ti ń tẹ orúkọ.

Ó ku ohun kan. Kí ilé ẹ̀kọ́ tó wọlé, ọ̀gá àyẹ̀wò máa ń wo fáìlì àwòrán olùkọ́ tuntun kọ̀ọ̀kan. Bí tìrẹ kò bá dáa, ẹni tó tẹ̀ lé ọ lórí ìwé ló ni iṣẹ́.

Ìdí nìyí tí Zohra, ìyá Lamis, fi wá sílé Jouda lọ́sàn-án ọjọ́ kan, pẹ̀lú abọ́ àkàrà olóyin lọ́wọ́.

"Jouda ọmọ mi, dákun, máa bá mi wo iṣẹ́ ọwọ́ àbúrò rẹ. Ojú ń tì í láti wá. Èmi fúnra mi ni màá máa gbé e wá."

Ìyá Jouda ti dìde. "Zohra, ojú tìẹ ò wá tì ọ́? Ẹ kó ọkà lóko wa tán, ẹ tún wá yá ọlọ!"

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, Màámi," ni Jouda wí. "Màá ṣe é."

Kì í ṣe àánú. Owú ni. Ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí bí ọwọ́ Lamis ṣe ń gbọ̀n.

Ọwọ́ náà sì ń gbọ̀n lóòótọ́. Ìwé mẹ́wàá ló kọ́kọ́ dé, àpótí lásán ló kún inú wọn. Àpótí ni gbogbo ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí ń kọ́kọ́ yà. Àwọn ìlà ẹ̀gbẹ́ àpótí, èyí tó ń jìnnà sí ojú wa, gbọ́dọ̀ máa sún mọ́ ara wọn títí wọn á fi pàdé. Ẹ wo ọ̀nà tó gùn tààrà: bó ṣe ń jìnnà ló ń kéré, títí yóò fi di àmì kan tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Olùkọ́ á wá fi rúlà àti bírò pupa fa àwọn ìlà náà gùn sí i, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè rí ibi tó ti ṣìnà. Lọ́jọ́ kìíní gan-an ni wọ́n ti máa ń sọ fún un pé: kọ́kọ́ fi àmì kan sórí ìwé, kí gbogbo ìlà rẹ máa lọ bá a.

Jouda kò sọ ọ́ fún Lamis.

"Ìlà rẹ ń hu irun," ló kọ sí etí ìwé. "Fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èjìká ni kí o fi fà á, má fi ọrùn ọwọ́ fà á. Tún àádọ́ta yà."

Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ó bu omi fún un, ó fi kànga pamọ́.

Ní ọjọ́ kẹfà, ọwọ́ Lamis ti ń dúró. Ohun tó gba Jouda ní oṣù mẹ́rin ni ọmọ yìí ń rí láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Nǹkan kan ta á láyà bí ata. Ó sé fèrèsé nítorí oòrùn. Gbogbo àdúgbò ń sun oorun ọ̀sán. Kò sí ọkọ̀, kò sí ọmọdé. Fáànù nìkan ló ń dún.

Ó mú rúlà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa àwọn ìlà gùn.

Ìlà akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní àmì máa ń tú ká bí òròmọdìẹ tó rí àṣá. Ìwọ̀nyí kò tú ká. Wọ́n jọ ń lọ. Wọ́n kúrò lórí ìwé. Jouda lẹ ìwé mìíràn mọ́ ọn, wọ́n kúrò lórí ìyẹn náà. Ó mú okùn ìránṣọ, ó fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, ó nà án kọjá tábìlì, kọjá àga rẹ̀. Okùn mọ́kànlélógún. Ojú kan ṣoṣo ni wọ́n ti pàdé, lára ògiri, lẹ́yìn ibi tó máa ń jókòó sí.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó tú okùn náà.

Lọ́jọ́ kejì, ìwé tuntun dé. Àwọn okùn kò dé ògiri mọ́. Ẹ̀yìn àga ni wọ́n ti pàdé.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó gbé àga rẹ̀ lọ sí òdìkejì tábìlì. Nígbà tí ìwé ọjọ́ tó tẹ̀ lé e dé, ó tẹ́ ẹ bó ṣe ń tẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀. Àwọn ìlà náà ti yí pa dà. Òdìkejì tábìlì ni gbogbo wọn kọjú sí.

Ó pe Lamis lórí fóònù.

"Níbo lo máa ń wò tí o bá ń yà á?"

"Èmi? Mi ò wo ibì kankan, ẹ̀gbọ́n. Ọwọ́ ń lọ fúnra ẹ̀ ni. Ṣé ó burú?"

Gbólóhùn yẹn wà lẹ́nu Jouda. Fi àmì sórí ìwé. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin. Ó rántí orúkọ tirẹ̀ lára ògiri.

"Kò burú," ló wí. "Máa yà á bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ṣé gan-an ni. Mọ́mì ní ẹ máa máa bú mi, àṣé ẹ dáa tó báyìí."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ ra búrẹ́dì. Ó gbé ìgbọ̀nwọ́ lé tábìlì tí Slah oníbúrẹ́dì fi ń tajà.

"Méjì," ló wí.

Slah ń fi ojú wá a. "Ta nìyẹn? Jouda? Kí lo dúró sí ọ̀ọ́kán bẹ́ẹ̀ ṣe? Ṣé mò ń rùn ni?"

Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Jouda wo ìgbọ̀nwọ́ ara rẹ̀ lórí tábìlì. Ó na ọwọ́ sí búrẹ́dì náà. Ó pẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ tó dé ibẹ̀.

Ọjọ́rú ni ìwé ìkẹyìn dé. Ọjọ́ kejì ni ọ̀gá àyẹ̀wò máa wò ó. Jouda jókòó, ó na okùn kìíní. Ó kàn án ní àyà. Ó na ìkejì. Ibì kan náà ni: òun gan-an ni àmì tí àwọn ìlà ń lọ bá. Kò na ìkẹta. Ìyá rẹ̀ ń pè é láti yàrá ìdáná, ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó wà létí òkun.

Ó mọ ohun tó yẹ kó kọ. Bó bá fi àmì kan sórí ìwé báyìí, tó fi ránṣẹ́, Lamis á tún gbogbo rẹ̀ yà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìlà á rí ibòmíràn lọ. Lamis á sì yege.

Ó pẹ́ tó ti di bírò náà mú. Níkẹyìn ó kọ ọ́ gàdàgbà:

"Ó dára. Má yí nǹkan kan pa dà."

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, fóònù dún.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n lé mi." Lamis ti sunkún tán. "Ọ̀gá àyẹ̀wò ní ẹni tó kọ́ mi kò fẹ́ràn mi. Mo sọ fún un pé irọ́ ni, mo ní ẹ gbìyànjú. Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ wà? Ohùn yín jìnnà."

Lẹ́tà dé ní Sátidé. Ìyá Jouda sáré gbé e wá sí yàrá.

"Jouda! Iṣẹ́ dé o! Orúkọ rẹ ni, ọmọ mi, orúkọ rẹ ni!"

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀.

"Jouda, kí lo ń ṣe lọ́hùn-ún?"

Jouda dìde. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin ló wà láàárín àga àti ẹnu ọ̀nà. Ó gbé ẹ̀kìíní. Ó gbé ẹ̀kẹrin. Ó ka ogún, ó ka ọgọ́rùn-ún. Ìyá rẹ̀ ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò tó ọmọńdinrín ìka, lẹ́tà náà sì funfun lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹyọ ìrẹsì kan.

"Ẹ jù ú sí mi, Màámi!"

Ìyá rẹ̀ jù ú.

Jouda na ọwọ́ méjèèjì. Ó rí lẹ́tà náà bó ṣe kúrò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, tó ń bọ̀.

Ó ṣì ń bọ̀.