Ìbọn Tó Ń Ké ní Igbó-Elérin

Ìjà ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ ọkọ mi. Téèpù ìránṣọ ṣì wà lọ́rùn mi lọ́jọ́ náà tí mo wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láìkanlẹ̀kùn, tí mo ní kí ẹni tó ni ẹran tó ń ké yẹn tètè pa á jẹ, kí gbogbo wa lè sinmi.

Kò sí ẹran níbẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n kan ló wà níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́kùnrin tò sórí bẹ́ǹṣì níwájú rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn di páàdì géèmù mú. Ọkùnrin gíga kan dìde, ó tẹrí ba fún mi bí ẹni ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní Oyèkànmí ni orúkọ òun, àti pé ìbọn ló ń ké.

Géèmù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ Igbó-Elérin nígbà náà ni. Nínú èyí tí Oyèkànmí ní, ọmọ ogun kan ń sáré nínú igbó. Ìbọn kékeré ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún un, ìyẹn kì í pariwo. Ṣùgbọ́n bó bá ti mú ohun tí àwọn ọmọ àdúgbò ń pè ní páwà, ìbọn náà á di ńlá, á sì máa ké fíìn-fíìn bí ewúrẹ́ tí wọ́n fi ilẹ̀kùn há. Bó bá mú páwà kejì, ariwo á le sí i. Ti páwà kẹta ni kò ṣeé gbọ́ sétí rárá.

Mo ní kó yí fólúùmù wálẹ̀. Ó ní orí ń fọ́ òun náà láti àárọ̀, ṣùgbọ́n bí òun bá yí i wálẹ̀, àwọn oníbàárà á tún un yí sókè, wọ́n á ní ta ló fẹ́ fi ìbọn tó yadi jagun. Ó wá ní kí n jókòó, kí n gbá a wò ná.

Mo jókòó. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n pa ọmọ ogun mi. Inú bí mi, mo padà wá lọ́jọ́ kejì láti gbẹ̀san, mo sì tún wá lọ́jọ́ kẹta. Bí ẹni tó wá jà ṣe di oníbàárà nìyẹn.

Nígbà tó yá, bí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi nírọ̀lẹ́, ọ̀dọ̀ Oyèkànmí ni mò ń yà sí. Ó máa ń fi àgbàdo sísun pamọ́ dè mí, á gé Fàúsátù orúkọ mi kúrú, á ní, "Fàú ọ̀wọ́n, jẹun kí o tó lọ sógun." Mo wá mọ géèmù náà dé ibi pé èmi nìkan ni mo lè mú páwà kẹta ní gbogbo àdúgbò. Kí n má parọ́, mo nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin yìí kí n tó mọ orúkọ bàbá rẹ̀.

Ìyá mi ni ìṣòro wa. Ìyá Mùsí ni gbogbo èèyàn ń pè é, nítorí Mùsítúrà ẹ̀gbọ́n mi ni àkọ́bí rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Mùsítúrà bá awakọ̀ kan lọ lójú ọ̀nà Ṣẹ̀mẹ̀ tó já sí ẹnubodè. Kò dágbére fún ẹnikẹ́ni, a ò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Ẹni tí ejò bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Láti ìgbà náà, ojú olè ni ìyá mi fi ń wo ọkùnrin tó bá ti kí mi káàárọ̀.

Nígbà tí mo dárúkọ Oyèkànmí fún un, ó ní òun ò ní fi ọmọ fún ẹni tó ń ta eré jẹun. Òun fúnra rẹ̀ tún lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní ìbọn rẹ̀ ń ké bí ẹlẹ́dẹ̀, ọmọlúàbí kan ò lè gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀. Èmi àti Oyèkànmí wá gbà pé ariwo yẹn ni ọ̀tá wa. Èmi alára ò jẹ́ kí ìyá mi mọ̀ pé mò ń lọ síbẹ̀, mo máa ń ní iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ mi.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí àwọn ẹbí Oyèkànmí wá tọrọ mi, ó tú ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, ó sì já wáyà sípíkà. Àwọn oníbàárà pòṣé, wọ́n bá tiwọn lọ. Ó fa ilẹ̀kùn dé nítorí ẹ̀fọn, ó wá jókòó tì mí.

"Olólùfẹ́ mi," ó ní, "mo ti pa ẹlẹ́dẹ̀ Màmá."

A rẹ́rìn-ín títí. Mo mú páwà kẹta nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò dún pín-ín, ọkàn mi sì balẹ̀ pé ọ̀nà ti là fún wa.

A ṣì jókòó síbẹ̀ nígbà tí Ìyá Ìbíyẹmí tó ń lọ ata lẹ́bàá wa wá gbá ilẹ̀kùn. Bó ṣe rí mi, ó fọwọ́ lérí. Ó ní ìyá mi ti gba ibùdókọ̀ Okokomaiko lọ láìwégèlè, ó ń sunkún pé Fàúsátù ti bá oní-géèmù sá lọ.

Mi ò mọ bí a ṣe dórí ọ̀kadà. Ojú Mùsítúrà nìkan ni mò ń rí lọ́nà.

Àwọn mọ́tò Ṣẹ̀mẹ̀ ń kó èrò nígbà tí a débẹ̀. Ìyá mi ń lọ láti fèrèsé mọ́tò kan sí òmíràn, ó ń wo ojú àwọn èrò. Mo pè é. Ó yíjú padà, ó rí mi. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá títì, ó di etí ìró mi mú.

"Mo rò pé ìwọ náà ti lọ ni," ó ní. "Mi ò gbọ́ ìbọn rẹ."

"Ìbọn mi kẹ̀, Màámi?"

"Èyí tó máa ń ké jù. Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ ni? Wọ́n ti sọ fún mi tipẹ́ pé ìwọ nìkan lo lè mú kó ké tó bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ti gbọ́ ọ nírọ̀lẹ́, mo mọ̀ pé ọmọ mi wà nítòsí, màá gbé ọbẹ̀ kaná. Lónìí, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo wá wò yín, mo bá ilẹ̀kùn ní pípadé."

Àánú rẹ̀ ṣe mí dé egungun.

Oyèkànmí ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú iyanrìn lójú gbogbo èrò. "Màmá, ẹ má bínú. Èmi ni mo já wáyà. Mo rò pé ẹ ò fẹ́ ariwo náà."

"Mi ò fẹ́ ẹ. Ó ń fọ́ mi lórí. Ṣùgbọ́n ta ló ní kí o pa á láìsọ fún mi?"

Àwọn èrò tó wà nínú mọ́tò bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìyá mi ò rẹ́rìn-ín. Ó tẹjú mọ́ ọn.

"Bí mo bá fún ọ lọ́mọ mi, níbo lò ń gbé e lọ?"

"Ajangbadi níbí ni mo gba yàrá sí, Màmá. Ẹ lè fẹsẹ̀ rìn wá nígbàkígbà tó bá wù yín. Ẹ ò tiẹ̀ ní kanlẹ̀kùn."

Ìyá mi nu ojú rẹ̀, ó sì ní kí n fa òun dìde. "Kí àwọn èèyàn rẹ máa bọ̀," ó ní. "Kí o sì so wáyà yẹn padà, títí tí wọn yóò fi dé." Mo mí kanlẹ̀. Oyèkànmí ò tètè dìde nílẹ̀, ó ń dúpẹ́.

Wọ́n so yìgì wa nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í dá. Àwọn obìnrin ilé ọkọ mi ní bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ni àwọn yóò wá mú mi, gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ìyá mi ní ọmọ òun kan ò tún ní fi ìrọ̀lẹ́ kúrò nílé òun mọ́. Ọ̀sán gangan, ó gbé àpótí mi lérí, ó ṣíwájú mi. Àwọn kan ń kùn pé ìyá ìyàwó kì í tẹ̀lé ọmọ lọ sílé ọkọ. Ẹni tí ìyá mi bá ti pàdé, á dúró sọ fún un pé, "Mò ń sin ọmọ mi lọ sílé ọkọ."

Ní Ajangbadi, ó ṣí fèrèsé yàrá wa, ó tẹ ibùsùn wò, ó béèrè ibi tí màá ti máa dáná. Lẹ́yìn náà ló jókòó sórí ibùsùn.

"Ó dáa," ó ní. "Mo ti mọ ibi tó o wà."

Mo lọ bu omi mímu wá fún un. Kí n tó dé, ó ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí ibùsùn ìyàwó, ó ti sùn fọnfọn. Mi ò rí i kó sùn bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ti lọ. Ọkọ mi rọra fi aṣọ bò ó, ó fà mí lọ́wọ́ jáde, a sì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí ó fi sùn tẹ́rùn.