Fọ́tò Méjì fún Ojú Méjì

Omi ṣì ń kán láti orí irun ọmọbìnrin kan nígbà tó wọ ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì kan, ọkùnrin tó ń ṣe dígí ojú. Iyọ̀ òkun ti gbẹ funfun sí ìpéǹpéjú rẹ̀. Onígíláàsì gbàgbé ohun tó ń nù lọ́wọ́.

Ọmọbìnrin náà tẹ́ fọ́tò méjì síwájú rẹ̀, ti ọkọ̀ ojú omi kan tó ti rì tipẹ́.

"Ọ̀kan náà ni méjèèjì," onígíláàsì sọ.

"Rárá, ẹ̀gbọ́n. Mo ya èyí, mo sún kámẹ́rà díẹ̀, mo tún ya ìkejì. Ọ̀kan fún ojú ọ̀tún, ọ̀kan fún ojú òsì. Dígí tó máa jẹ́ kí ojú méjèèjì rí wọn pọ̀ ni mo ń wá."

"Ẹ̀yin fúnra yín lẹ wọ abẹ́ òkun lọ yà á?"

"Àbí ẹ rò pé ẹja ló bá mi yà á?"

Ọkùnrin náà gé dígí méjì, ó tò wọ́n sínú àpótí kékeré kan, ó gbé e sójú. Ṣe ni ọkọ̀ náà dìde kúrò lára bébà. Àtẹ̀gùn rẹ̀ jìn wọnú òkùnkùn lọ. Àwọn ẹja wẹ́wẹ́ sún mọ́ ọn débi pé ó nawọ́ láti mú ọ̀kan. Ife tíì rẹ̀ ló gbá dànù. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ wọn ti wọ̀. Bí ọmọbìnrin náà bá ti jáde lómi, ṣọ́ọ̀bù ló ń gbà lọ.

Nígbà tí onígíláàsì sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun fẹ́ fi ọmọbìnrin náà ṣe aya, ìyá kọ̀ jálẹ̀. "Ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí o tètè ṣọ̀fọ̀ ìyàwó. Kó fi omi sílẹ̀ ná."

Nígbà tí ọmọbìnrin náà gbọ́, ó gbé kámẹ́rà rẹ̀ kalẹ̀ sórí tábìlì. "Màá ta kámẹ́rà náà," ó ní. "Mo fẹ́ràn rẹ jù ú lọ."

"Olólùfẹ́ mi, má tà á. Ẹni tó ń wọ inú ọkọ̀ yẹn lọ ni mo yófẹ̀ẹ́ fún. Bó o bá sọ ẹni yẹn nù, ta ni màá wá fẹ́?"

Onígíláàsì gbé àpótí náà lọ bá ìyá rẹ̀. Ìyá gbé e sójú. Ó ní kó fi fọ́tò mìíràn sí i, àti òmíràn. Ó rí àwo tánganran tó tò lórí pẹpẹ inú ọkọ̀ tó rì náà, tí iyanrìn kún inú wọn, bíi pé ẹni tó ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde ni.

"Ibi tó ṣókùnkùn tó báyìí ló ń lọ?"

"Okùn máa ń wà lára rẹ̀, màámi."

"Ta ló ń di okùn náà mú lókè?"

"Àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ tó ń gbé e lọ ni."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Mi ò mòwẹ̀, mà."

Ìyá gbé àpótí náà kalẹ̀ jẹ́ẹ́. "Irú ọmọ báyìí, èmi kọ́ ló máa ní kó jókòó sílé. Lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, kó o lè máa di okùn ìyàwó rẹ mú."

Ó lọ kọ́ ọ. Etí òkun, níbi tí omi ò ti ju àyà lọ, ni olólùfẹ́ rẹ̀ ti ń kọ́ ọ, ó sì ń pè é ní Ọ̀gá Òkúta nítorí bó ṣe ń rì. Lọ́jọ́ tó jọ pé ó lè dá a ṣe, ọmọbìnrin náà fà sẹ́yìn, ó fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn.

"Ṣé wàá fẹ́ mi?" ọkùnrin náà béèrè.

"Wá gba èsì rẹ níbí."

Ó ju ara rẹ̀ sómi. Ó ń fọ́n omi káàkiri, ó gbé púpọ̀ mì, ṣùgbọ́n kò dúró. Nígbà tó débẹ̀, ikọ́ ò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin náà gbá a mọ́ra títí ikọ́ fi rọlẹ̀, kó tó sọ fún un létí pé òun máa fẹ́ ẹ.