Lẹ́tà Mẹ́ta Tí Nusaibah Ò Rí Gbà

Lẹ́tà mẹ́ta ti pòórá. Ti Túsìdeè, ti Wẹ́sìdeè, àti ti àárọ̀ Tọ́sìdeè yìí gan-an.

Obìnrin tó pe Nusaibah láago méjì ọ̀sán ò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. "Ẹ̀ẹ̀mẹta la ti fi ímeèlì ránṣẹ́ sí yín pé ẹ yege. Bí ẹ ò bá tẹ 'mo gbà' nínú lẹ́tà náà kó tó di aago mẹ́rin òní, ẹni tó ṣe ipò kejì la máa mú."

Ẹ̀kọ́ olùkọ́ ọlọ́dún kan n'Íbàdàn ni. Olùkọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń mú nílé-ìwé kan. Láti ìgbà ààwẹ̀ ni Nusaibah ti ń tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó tú fóònù rẹ̀ wò. Òfo. Ló bá pe ìyá àgbà.

Àlàájà Fàúsátù wọ kẹ̀kẹ́ láti Ìkọ̀tún. Kò tíì tó aago mẹ́ta tó fi dé ilé-ìwé tí Nusaibah ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ l'Ẹ́gbẹ́dá. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló fi ṣa lẹ́tà nílé ìfìwéránṣẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Kò mọ ímeèlì í lò, ṣùgbọ́n ó mọ ọ̀nà tí lẹ́tà ń gbà sọnù.

"Ṣé kì í ṣe fóònù ẹ ló ń gbé e mì?"

"Tuntun ni, Ìyá àgbà. Mo tún wò ó lórí kọ̀ǹpútà yàrá olùkọ́. Kò sí níbẹ̀ náà."

"A jẹ́ pé kì í ṣe ẹnu ọ̀nà ilé ni wọ́n ti mú un. Orí tábìlì tí wọ́n ti ń ṣa lẹ́tà ni. Ta ló ń tọ́jú ìyẹn níbí?"

Nusaibah sorí kọ́. "Rasaq ni."

Rasaq tó fẹ́ fẹ́ ẹ lọ́dún tó kọjá, tí Nusaibah ní òun ò fẹ́. Wọ́n lọ bá a ní ọ́fíìsì rẹ̀. Àlàájà wo ọmọkùnrin náà látòkè délẹ̀.

"Ìwọ lo mú lẹ́tà ọmọ mi?"

"Torí pé ó kọ̀ mí, mà? Ojú ò pọ́n mi tó yẹn jàre." Rasaq ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀. "Ẹ wò ó, orí sáfà ni ímeèlì kọ́kọ́ ń dé. Òun ló ń gba gbogbo ẹ̀ kó tó pín in kiri. Èèyàn lè pàṣẹ fún un níbẹ̀ pé kó máa da ti àwọn oníjìbìtì nù. Mo kọ́ gbogbo olùkọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní sáà tó kọjá. Lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ò ní dé fóònù rárá."

Ó sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà náà.

"Àṣẹ kan wà níbí o. Lẹ́tà yòówù tó bá ti ọ̀dọ̀ Jésùtóbi Adéríbigbé wá, kó pa á rẹ́. Ọjọ́ Mọ́ńdè, aago mẹ́wàá kọjá. Kọ̀ǹpútà yàrá olùkọ́ ni wọ́n lò. Pásíwọọ̀dù Nusaibah ni wọ́n fi wọlé."

"Ta ń jẹ́ Jésùtóbi?"

"N ò mọ̀ ọ́n, Ìyá àgbà. Àdírẹ́sì ọ́fíìsì wọn nìkan ló wà lórí fọ́ọ̀mù."

Àlàájà ní kó pe obìnrin ọ̀sán yẹn padà, ó sì bi í bóyá ó mọ Jésùtóbi.

"Èmi ni Jésùtóbi, mà."

"Ọjọ́ wo lẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí ọmọ mi?"

"Túsìdeè. Àwọn tó ṣe ipò kejì la kọ sí lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ká lè mọ̀ bóyá wọ́n máa dúró."

"Ta ló ṣe ipò kejì níbí?"

"Ẹ má bínú, mà. A kì í sọ ọ́."

Àlàájà pa fóònù. Wọ́n ti dí ọ̀nà kí lẹ́tà tó gbéra. "Ẹ ò gbọdọ̀ dárúkọ obìnrin yìí fún ẹnikẹ́ni," ló wí. "Ta ló tún mọ pásíwọọ̀dù ẹ?"

"Ọ̀gá wa, Míṣítà Richard. Àti Ṣeunfúnmi, ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń kọ́ni níbí. Òun ló ń bá mi fi máàkì ránṣẹ́ tí mo bá lọ kírun Jímọ̀."

Wọ́n kọ́kọ́ lọ bá Míṣítà Richard. Kò tiẹ̀ fi ọ̀rọ̀ pa mọ́. "N ò fẹ́ kó lọ, mà. Ta ló máa kọ́ wọn ní físíìsì? Àmọ́ èmi náà ni mo bá a fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù."

"Ta wá ni ká kàn sí báyìí?"

"Àdírẹ́sì ọ́fíìsì wọn ni mo mọ̀, mà. N ò mọ ẹnì kankan níbẹ̀."

Aago mẹ́ta ààbọ̀ ti lù nígbà tí Àlàájà, Nusaibah àti Rasaq wọ yàrá olùkọ́. Ṣeunfúnmi gbé àga fún Àlàájà, ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìrìn, mà. Haa, ọ̀rẹ́ mi! Irú kí lèyí?"

"Ìwọ ò gba fọ́ọ̀mù yẹn ni?"

"Èmi kẹ̀? Rárá o, mà. Ìbàdàn ti jìnnà jù."

"Ọmọ dáadáa. Gbà wá nímọ̀ràn, àsìkò ti lọ. Ta ni ká pè níbẹ̀?"

"Ẹ pe Sister Jésùtóbi, mà. Wọ́n máa ń tètè dáhùn."

Àlàájà yíjú sí i.

"Ta ló sọ orúkọ yẹn fún ẹ?" Ohùn Àlàájà ò lọ sókè. "Kò sí lórí fọ́ọ̀mù. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kò tíì kọ lẹ́tà kankan sí Nusaibah. Ẹni tó ṣe ipò kejì nìkan ló rí i gbà. O rí i pé ẹlòmíì ló gba ipò kìíní nílé-ìwé yín, o sì mọ ẹni tó jẹ́. Lo bá fi pásíwọọ̀dù ẹ̀ wọlé, o ní kí sáfà máa da lẹ́tà obìnrin náà nù."

Ṣeunfúnmi dìde nílẹ̀. Kò sunkún. Nusaibah ló yíjú sí.

"Èmi ni mo kọ́ ẹ ní kọ̀ǹpútà. Tá a bá jọ wọlé, ìwọ ni wọ́n máa ń kí. Ẹni tí mo ti ń wò láti ọjọ́ yìí," ó fojú ṣá Rasaq, "ìwọ ló lọ dẹnu kọ. O tún ní o ò fẹ́! Ohun tí mò ń gbààwẹ̀ lé lórí, òun lò ń kọ̀. Ṣé Ìbàdàn nìkan ò lè kù fún èmi náà ni?"

Rasaq tẹjú mọ́lẹ̀.

"Pa àṣẹ yẹn rẹ́," Àlàájà wí. Rasaq pa á rẹ́. Wọ́n pe Jésùtóbi pé kó tún fi lẹ́tà náà ránṣẹ́. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá, fóònù Nusaibah dún. Ó tẹ 'mo gbà'.

Ṣeunfúnmi ti gbé báàgì rẹ̀, ó ti jáde.

Nusaibah pààrọ̀ pásíwọọ̀dù rẹ̀. Rasaq ṣì ṣí sáfà sílẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. "Ṣé kí n fi orúkọ Ṣeunfúnmi síbẹ̀? Ohun tó bá kọ ò ní dé ọ̀dọ̀ ẹ mọ́ láé."

Nusaibah wo àga kejì tó ṣófo nídìí tábìlì táwọn méjèèjì jọ ń lò.

"Rárá," ó wí. "Jẹ́ kí tiẹ̀ máa wọlé. Tó bá bẹ̀ mí lọ́jọ́ kan, mo fẹ́ rí i."