Ọ̀rọ̀ Ìkẹyìn Dánjal

"Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa," ni Pól wí, ó sì gbé ife kọfí rẹ̀ kalẹ̀ lórí pákó. "Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta, góòlù kan ṣoṣo. Góòlù ọ̀hún gan-an, afẹ́fẹ́ ló gbá a wọlé, kì í ṣe ẹsẹ̀ èèyàn."

Àwọn àgbà tó jókòó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú. Inú ilé tí Hanus ti máa ń kan ọkọ̀ ojú omi nígbà tí apá rẹ̀ ṣì le ni wọ́n wà, létí òkun ní abúlé Hamravík. Òjò ń rọ̀ sórí páànù. Ẹran àgùntàn tí afẹ́fẹ́ òkun ti gbẹ wà nínú àwo, Hanus sì ń fi ọ̀bẹ rẹ́ ẹ ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ.

"Akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun yìí mọ bí wọ́n ṣe ń dènà," ni Hanus sọ. "Àwọn ọmọ wa ò ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu mọ́ bíi ti èṣí."

"Ta ló bi ọ́ ní ti ìdènà? Ìkọlù ni mò ń sọ! Bọ́ọ̀lù á dé iwájú ilé ọ̀tá, ọmọ Denmark yìí á ní kí wọ́n dá a padà sẹ́yìn, bí ẹni tó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sílé."

"Kọ́kọ́rọ́ ṣì dáa. Ìwọ tó o ṣọ́lé fún wa fọ́dún mẹ́sàn-án, ọwọ́ rẹ méjèèjì lo máa ń gbàgbé sílé."

Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀rín náà dénú. Durita náà rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, òun nìkan sì ni ọmọdé láàárín àwọn àgbà méje náà. Àga bàbá rẹ̀ àgbà ló jókòó lé.

Dánjal ni bàbá àgbà ọ̀hún ń jẹ́. Nígbà ayé rẹ̀, bí Hamravík bá ti gbá bọ́ọ̀lù tán nílé, ibí yìí ni gbogbo wọn máa ń wá láti gbé eré náà yẹ̀ wò. Àríyànjiyàn á máa lọ, Dánjal kò ní dá sí i. Ìgbà tí kọfí bá tán nínú kẹ́tùrù ni yóò dìde, yóò dé fìlà rẹ̀, yóò sọ gbólóhùn kan. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ máa ń parí sí. Oníkálùkù á gba ilé rẹ̀ lọ. Báyìí ni wọ́n ṣe é fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún.

Oṣù kìíní ọdún ni Dánjal kú. Nígbà tí bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta, wọ́n pàdé bí ìṣe wọn, wọ́n jiyàn, kọfí sì tán. Kò sẹ́ni tó lè dìde. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wo kẹ́tùrù bí ẹni tí kò mọ ọ̀nà ilé mọ́. Hanus ló wá yíjú sí Durita.

"Ọmọ mi, ìwọ lo máa ń jókòó tì í nínú ọkọ̀. Kí ni ì bá sọ?"

Òótọ́ ni. Ọdún mẹ́wàá ni Durita fi jókòó ti bàbá rẹ̀ àgbà nínú ọkọ̀ pupa tí wọ́n máa ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Nítorí òjò, inú ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ ará Hamravík ti ń wo bọ́ọ̀lù. Bí góòlù bá wọlé, gbogbo ọkọ̀ á fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn àgùntàn orí òkè á sì sá. Dánjal á fi apá súwẹ́tà nu gíláàsì tí èémí wọn bò, á ṣẹ́ ṣokoléètì sí méjì, á fún ọmọ ní èyí tó tóbi. Durita ṣì ń gbọ́ ìró tí ṣokoléètì náà ń ṣe bó bá kán.

"Ì bá ní ẹsẹ̀ wọn ò tíì gbóná," ni ó dá Hanus lóhùn lọ́jọ́ náà. "Gbogbo oṣù kẹta ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀."

Àwọn àgbà náà bú sẹ́rìn-ín. Méjì nínú wọn nu ojú. Wọ́n dìde, wọ́n lọ sílé. Ńṣe ló dà bíi pé bàbá àgbà gbé ọwọ́ lé Durita lórí. Láti ọjọ́ náà ló ti di ẹni tí ń sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, ohun tí bàbá àgbà sì ti sọ rí ló ń sọ.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ eré kẹta, èyí tí Pól ń ṣàròyé rẹ̀ yìí, yàtọ̀. Rógvi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹni tó ti jẹ́ atamátàsé Hamravík fún ọdún mẹ́ta, lórí bẹ́ńṣì ló jókòó sí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Akọ́nimọ̀ọ́gbá kò tilẹ̀ wẹ̀yìn wò ó. Inú ọkọ̀ pupa ni Durita ti ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí òjò ń pa, inú sì ń bí i.

Kọfí tán. Hanus wò ó. "Ó kù sọ́wọ́ rẹ, ọmọ Dánjal."

Durita wá ọ̀rọ̀ bàbá àgbà nínú ọkàn rẹ̀, kò rí i. Ojú Rógvi nìkan ló rí. Ó la ẹnu.

"Bàbá àgbà máa ń sọ pé akọ́nimọ̀ọ́gbá tó bá ń dá bọ́ọ̀lù padà sẹ́yìn, kò lè mọ ìkọlù láéláé. Ó ní irú wọn, kí wọ́n tètè lé e lọ ni."

Pól ṣí fìlà rẹ̀. "Ẹ gbọ́ ọ bí?" ni ó wí. "Dánjal ti sọ ọ́. Kí la tún ń dúró dè?"

Ẹyin lohùn. Ní ọjọ́ kejì, ìwé kan ti wà lára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù abúlé, tó ń pe gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ sí ìpàdé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí wọ́n lè dìbò bóyá kí akọ́nimọ̀ọ́gbá lọ. Gbólóhùn Durita ni Pól kọ sókè ìwé náà gàdàgbà, ó sì kọ orúkọ Dánjal sísàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn èèyàn tí kì bá ti fọwọ́ sí i kà á, wọ́n mi orí, wọ́n sì mú kálàmù.

Ní ilé ẹ̀kọ́, àwọn ẹgbẹ́ Durita yí i ká. "Ẹnu bàbá yín àgbà ló máa lé ọkùnrin yẹn wọ ọkọ̀ ojú omi padà sí Denmark!" ni ọ̀kan wí. Ó dùn mọ́ ọn títí di àsìkò oúnjẹ ọ̀sán. Lẹ́yìn náà, ó rántí pé ẹnu bàbá àgbà kọ́ lọ̀rọ̀ náà ti jáde, ó sì gbé oúnjẹ rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ní ọ̀sán ọjọ́rú, ẹnìkan kanlẹ̀kùn ilé wọn. Billa, ìyá rẹ̀ àgbà, wà lórí àga ní ilé ìdáná, ó ń hun súwẹ́tà. Durita lọ ṣílẹ̀kùn. Troels, akọ́nimọ̀ọ́gbá, ló dúró síbẹ̀, omi òjò ń kán ní imú rẹ̀.

"Ẹ káàsán, Mà," ni ó kí ìyá àgbà. "Mi ò wá jà o."

"Bó o bá wá jà, wàá kọ́kọ́ bọ́ bàtà," ni Billa fèsì. "Jókòó. Durita, gbé kọfí fún un."

Troels jókòó, ó di ife mú, kò mu ún. Durita ni ó kọjú sí. "Mo ka ohun tí bàbá yín àgbà sọ. Wọ́n ní ó wo bọ́ọ̀lù ní pápá yìí fún ọgọ́ta ọdún. Èmi ò tíì lo oṣù mẹ́rin. Ẹni tó bá rí tó bẹ́ẹ̀, ohun tó sọ ò lè jẹ́ kìkì ẹyọ gbólóhùn yẹn. Mo wá bẹ̀ ọ́ ni, kí o sọ ìyókù fún mi. Níbo ló ti rí i pé ìkọlù wa ò dáa? Bó bá ṣeé tún ṣe, màá tún un ṣe kó tó di pé mo lọ."

Durita wo ilẹ̀. Kò sí ìyókù. Ọ̀rọ̀ tí kò ní ìdí, ìyókù wo ni yóò ní?

"Mi ò rántí," ni ó wí.

"Kò burú." Troels gbé ife kalẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n rẹ ti sọ fún mi pé bàbá náà dákẹ́ gan-an. Rógvi lẹ́sẹ̀ o, ẹsẹ̀ rẹ̀ lágbára ju ti gbogbo wọn lọ, àmọ́ kí ó tó wòkè ló ti gbá bọ́ọ̀lù. Mo ní kó jókòó tì mí fún eré méjì, kó máa ka ibi tí àwọn adènà bá ti fi àyè sílẹ̀. Ó gbà. Ṣé kò sọ fún yín ni?"

Rógvi kò sọ. Rógvi kì í sọ ohunkóhun. Nínú ìyẹn, Dánjal ló jọ.

Nígbà tí àlejò lọ tán, Billa ń hun súwẹ́tà rẹ̀ lọ. Ó hun ìlà kan tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Ọdún méjìléláàádọ́ta ni mo fi bá Dánjal gbélé. Mi ò gbọ́ 'láéláé' lẹ́nu rẹ̀ rí. Kódà lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, 'a ó máa gbìyànjú' ló wí."

"Màmá àgbà..."

"Mo mọ̀ pé àárò rẹ̀ ń sọ ọ́. Ó ń sọ èmi náà. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran." Ó yí òwú mọ́ ìka. "Mi ò ní bá ọ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹnu tó mú ọ̀rọ̀ jáde ló mọ ọ̀nà tó máa gbà mú un padà."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, gbọ̀ngán ilé ẹ̀kọ́ kún. Kéèkì wà lórí tábìlì, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Troels jókòó ní iwájú pẹ̀lú alága ẹgbẹ́. Pól dìde, ó tẹ́ ìwé sílẹ̀, ó sì ka gbólóhùn náà sókè ketekete. Ọ̀pọ̀ orí ń mì. Alága ní, "Kí a tó na ọwọ́ sókè, ṣé ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀?"

Durita dìde.

"Bàbá àgbà ò sọ bẹ́ẹ̀," ni ó wí.

"Sọ ọ́ sókè, ọmọ!" ni ẹnìkan ké láti ẹ̀yìn.

"Mo ní bàbá àgbà ò sọ bẹ́ẹ̀! Èmi ni mo sọ ọ́. Inú ń bí mi nítorí Rógvi, mo wá fi ọ̀rọ̀ mi sí i lẹ́nu." Ó yíjú sí àwọn àgbà. "Èyí tó máa ń sọ gan-an, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Nígbà tí akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ṣáájú dé, kí ló sọ fún yín ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn? 'Mi ò tíì mọ̀.' Ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, 'Mi ò tíì mọ̀.' Bàbá Pól, ẹ̀yin lẹ bínú tí ẹ ju fìlà mọ́ ọn."

Ẹ̀rín kan sọ lẹ́yìn, ó sì kú lójú ẹsẹ̀. Rógvi, tó fara ti ògiri, bo ojú rẹ̀. Hanus ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Pól mú ìwé náà, ó ká a sí méjì, ó tún un ká sí mẹ́rin. "Ìwé tí òkú fọwọ́ sí láìmọ̀, mi ò lè gbé e kalẹ̀ níwájú èèyàn," ni ó wí. Ó wá na ìka sí Troels. "Àmọ́ ẹnu tèmi ni mo fi ń sọ èyí: o ò mọ ìkọlù!"

"Mo gbọ́ yín, Bàbá," ni Troels wí. "Ẹ fún mi títí di òpin sáà, ní oṣù kẹwàá."

Wọ́n sì fún un.

Durita rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò parí. Lẹ́yìn eré tó tẹ̀lé e, ó tún lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà. Kò sẹ́ni tó lé e, Hanus fún un ní ẹran bí ti àtẹ̀yìnwá. Nígbà tí kọfí tán, kò sẹ́ni tó yíjú sí i. Ó ṣe ọkàn gírí.

"Bàbá àgbà máa ń sọ pé bọ́ọ̀lù tó yára jù ni èyí tí a kò gbá."

Òótọ́ ni. Dánjal sọ ọ́ nínú ọkọ̀ pupa, lọ́jọ́ tí yìnyín bọ́, Durita nìkan ló gbọ́ ọ. Àwọn àgbà náà wo ara wọn. Pól wá bi í léèrè, jẹ́jẹ́, láìfi ṣẹ̀sín: "Ṣé òun ló sọ ọ́ lóòótọ́, ọmọ mi?"

Ká ní ó bú u ni, ì bá sàn. Durita sunkún dé ilé. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin náà fi sílẹ̀ fún òun nìkan, ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè gbà á gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Irọ́ kan ti ba ọdún mẹ́wàá jẹ́.

Oṣù kẹwàá dé. Hamravík ṣe ipò kẹrin. Rógvi gbá góòlù mẹ́sàn-án, ó sì fi bọ́ọ̀lù ṣe ẹlòmíràn lóore ní ìgbà méje. Nínú ilé ọkọ̀ Hanus, Pól ní oríire akọ́nimọ̀ọ́gbá ló ṣe é. Hanus ní ọgbọ́n ni. Wọ́n jiyàn títí ẹran fi tán, Hanus sì wo Durita.

"Ìwọ ńkọ́? Mi ò bi ọ́ ní ti Dánjal. Kí ni ojú tìẹ rí?"

Durita rò ó dáadáa kó tó dáhùn. "Mo rò pé akọ́nimọ̀ọ́gbá náà mọ ìkọlù díẹ̀. Díẹ̀ ni mo rí, díẹ̀ náà ni mo sọ."

"Díẹ̀ kẹ̀!" ni Pól ké. "Ọmọ yìí ti gbọ́n ju gbogbo wa lọ!" Wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ iyàn mìíràn. Lọ́jọ́ náà, kò sí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ẹni tó bá rẹ̀ ló ń dìde lọ sílé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó kú ti kó ẹnu rẹ̀ lọ. Kò lè padà wá sọ pé, "Èmi kọ́ ni mo wí bẹ́ẹ̀." Ìwọ̀nba ohun tó sọ nígbà ayé rẹ̀ ni ohùn rẹ̀ tó kù fún wa, a kò sì gbọ́dọ̀ fi tiwa kún un, ì báà jẹ́ nítorí ìbínú, ì báà jẹ́ nítorí ìfẹ́. Bí o bá ní ohun tí o fẹ́ sọ, fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́, kí o sì dúró tì í.